Ìbéèrè Kò Rí Bákan Náà: Ìtàn Sáfà Wẹ́ẹ̀bù, Láti Geneva dé Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìfáàrà

Ní ọdún 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend ti ìjọ CMS bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde, títí rògbòdìyàn Ìfọ́lé ọdún 1867 fi dá iṣẹ́ náà dúró. Ohun kan náà ni ìwé ìròyìn ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rà á. Ojú-ewé tí ọba ń kà náà ni ọmọ ilé-ìwé ń kà, òǹkàwé kò sì lè kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ kí ó yí ẹ̀dà ẹlòmíràn padà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wẹ́ẹ̀bù rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹni tó bá béèrè ìwé, ìwé náà ni yóò gbà, kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Camp, lẹ́bàá ọ̀nà Alábàtà ní Abẹ́òkúta, ń fi fóònù forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, ó ń san owó ilé-ìwé, ó sì ń wo èsì tirẹ̀ nìkan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún èsì. Orí yìí ń ṣàlàyé bí nǹkan ṣe yí padà tó bẹ́ẹ̀. Kókó ìtàn náà ni pé sáfà kò di ohun tí a lè fi owó àti èsì ìdánwò lé lọ́wọ́ àfi ìgbà tí àwọn tó ń kọ òfin rẹ̀ ya ìbéèrè tó kàn fẹ́ wo nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára ìbéèrè tó fẹ́ yí nǹkan padà.

Sáfà ni à ń pe kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ètò tó wà nínú rẹ̀, tó ń dúró de ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó sì ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀rọ tó ń béèrè ni oníbàárà. Ó lè jẹ́ bùráúsà orí fóònù, ó lè jẹ́ áàpù báǹkì, ó sì lè jẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn tí ènìyàn kankan kò jókòó sí ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo, 1989 sí 1993

Ní Oṣù Kẹta ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà nítòsí Geneva ní Switzerland, kọ ìwé àbá kan sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni àwọn onímọ̀ ti ń wá sí CERN. Kọ̀ǹpútà wọn kò bá ara wọn mu, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lọ pẹ̀lú ìmọ̀ tí wọ́n kó jọ. Berners-Lee fẹ́ kí ìwé tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣeé kà lórí èyíkéyìí mìíràn. Nígbà tí ọdún 1990 fi ń parí lọ, sáfà wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà NeXT kan tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á.

Òfin tí oníbàárà àti sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní HTTP. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀, tí wọ́n wá pè ní HTTP/0.9 lẹ́yìn náà, kúrú gan-an. Oníbàárà yóò kọ ìlà kan péré: ọ̀rọ̀ náà GET, lẹ́yìn náà orúkọ ìwé tó ń fẹ́. Sáfà yóò wá ìwé náà nínú àpótí fáìlì rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́, yóò sì pa ọ̀nà dé. Bí ìwé náà kò bá sí, àlàyé ni sáfà yóò kọ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé mìíràn. Ènìyàn tó kà á lè mọ̀ pé òun kò rí ohun tí òun ń wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè mọ̀.

Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo ètò wẹ́ẹ̀bù láìsan kọ́bọ̀. Ìkéde yìí ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà tàn dé ibi tí owó kò pọ̀, títí kan ilẹ̀ Áfíríkà.

Fọ́ọ̀mù dé, ó mú POST dání, 1993 sí 1996

Ní ọdún 1993 kan náà, ní ibùdó NCSA ti Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Rob McCool kọ sáfà kan tí wọ́n ń pè ní NCSA HTTPd. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé bùráúsà Mosaic jáde. Láàárín àsìkò náà, ohun méjì yí iṣẹ́ sáfà padà. Àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù: oníbàárà lè kọ orúkọ rẹ̀, kí ó tẹ bọ́tìnì, kí ohun tó kọ lọ bá sáfà. Èkejì ni CGI, ìlànà tó jẹ́ kí sáfà gbé ìbéèrè lé ètò mìíràn lọ́wọ́, kí ètò náà ṣe ìṣirò, kí ó sì kọ ìdáhùn tuntun. Tẹ́lẹ̀, ìwé tó ti wà nílẹ̀ nìkan ni sáfà lè mú wá. Láti ìgbà náà lọ, ó lè dá ìwé tí kò sí rí sílẹ̀ fún ẹni kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ìrántí kò sí lára sáfà. Bó bá ti dáhùn ìbéèrè kan tán, kò mọ̀ mọ́ bóyá ẹni tó béèrè ìṣáájú náà ló tún padà wá. Ní ọdún 1994, Lou Montulli ti ilé-iṣẹ́ Netscape gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kúkì. Sáfà yóò fún bùráúsà ní àmì kékeré kan, bùráúsà yóò sì máa mú àmì náà dání nígbàkúùgbà tó bá padà wá. Òun ló ń jẹ́ kí pọ́tàlì ilé-ìwé mọ̀ pé ẹni tó ti fi nọ́ńbà mátíríìkì àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé ní ojú-ewé àkọ́kọ́ ló ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ ní ojú-ewé kẹta.

Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 1996, Berners-Lee, Roy Fielding àti Henrik Frystyk Nielsen tẹ ìwé HTTP/1.0 jáde. Irú ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. GET ń béèrè pé kí sáfà mú nǹkan wá. HEAD ń béèrè àpèjúwe nǹkan náà nìkan láìmú nǹkan náà fúnra rẹ̀ wá, bíi bó ti tóbi tó àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ kẹ́yìn. POST ń gbé nǹkan wá fún sáfà pé kí ó gbà á kí ó sì ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Nọ́ńbà ìdáhùn

Ìwé ọdún 1996 náà tún tò àwọn nọ́ńbà oníkan-mẹ́ta tí sáfà ń fi síwájú ìdáhùn rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 ń sọ pé iṣẹ́ ti yọrí, 200 ló sì wọ́pọ̀ jù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3 ń darí oníbàárà síbòmíràn tàbí sọ fún un pé ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ ṣì dára. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 ń sọ pé àṣìṣe wà nínú ìbéèrè: 401 ni kí o kọ́kọ́ fi ara rẹ hàn, 403 ni pé o kò ní àṣẹ, 404 ni pé ohun tí o béèrè kò sí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 ni sáfà fi ń gbà pé ọ̀dọ̀ òun ni ẹ̀bi wà: 500 fún ètò tó dàrú, 503 fún sáfà tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní ọdún 1988 ni gbogbo ayé mọ̀ sí UNAAB, unaab.edu.ng sì ni àdírẹ́sì rẹ̀. Nígbà tí orúkọ ilé-ìwé náà di FUNAAB, àdírẹ́sì di funaab.edu.ng. Irú àyípadà báyìí ni nọ́ńbà 301 wà fún. Ó ń sọ fún bùráúsà àti fún ẹ̀rọ ìwárí bíi Google pé ohun tí wọ́n ń wá ti kó lọ pátápátá, ó sì ń fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun, kí líǹkì tí àwọn ènìyàn ti kọ sínú ìwé àti iṣẹ́ ìwádìí má baà di òkú.

Ìlànà tó bá ọ̀nà jíjìn mu, 1997 sí 1999

HTTP/1.1 jáde ní Oṣù Kìíní ọdún 1997, wọ́n sì tún un ṣe ní Oṣù Kẹfà ọdún 1999. Àtúnṣe méjì nínú rẹ̀ ṣe ilẹ̀ wa láǹfààní gan-an.

Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀nà tí oníbàárà ṣí sílẹ̀ lè wà ní ṣíṣí fún ìbéèrè púpọ̀. Ní HTTP/1.0, oníbàárà sábà máa ń ṣí ọ̀nà tuntun fún fáìlì kọ̀ọ̀kan: àlọ-àbọ̀ kan láti ṣí ọ̀nà, àlọ-àbọ̀ kejì láti béèrè. Kí okùn abẹ́ òkun tó pọ̀ ní Nàìjíríà, sátẹ́láìtì ni ọ̀pọ̀ káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè ilẹ̀, nítorí náà àlọ-àbọ̀ kan kò lè dín ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, bó ti wù kí ẹ̀rọ yára tó. Fáìlì kan yóò gba bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Lórí ojú-ewé tó ní àwòrán 20, ẹni tó ń sanwó káfẹ́ ní wákàtí wákàtí mọ̀ ọ́n lára.

Èkejì ni pé oníbàárà gbọ́dọ̀ dárúkọ ìkànnì tó ń wá nínú ìbéèrè rẹ̀. Kí òfin yìí tó dé, sáfà kò lè fi àdírẹ́sì nọ́ńbà kan ṣojú ju ìkànnì kan lọ. Nígbà tó dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì lè jọ wà lórí kọ̀ǹpútà kan, owó tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń san sì wálẹ̀. Ilé-ìwé kékeré, ìjọ àti oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtọ̀kú lè ní ìkànnì tiwọn láìra odindi kọ̀ǹpútà.

Wíwò yàtọ̀ sí yíyí padà

HTTP/1.1 tún mú irú ìbéèrè pọ̀ sí i. PUT ń sọ pé kí sáfà fi ohun tí òun gbé wá rọ́pò ohun tó wà ní àdírẹ́sì kan. DELETE ń sọ pé kí ó pa á rẹ́. OPTIONS ń béèrè irú ìbéèrè tí sáfà gbà láàyè. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2010, PATCH dara pọ̀ mọ́ wọn fún àtúnṣe apá kan nínú nǹkan.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju orúkọ wọn lọ ni ìlérí tí irú kọ̀ọ̀kan ṣe. GET àti HEAD ṣèlérí pé wíwò nìkan ni àwọn fẹ́ wò. PUT àti DELETE lè yí nǹkan padà, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá fi ìbéèrè kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibì kan náà ni yóò já sí. POST kò ṣe ìkankan nínú ìlérí méjèèjì. Bí POST méjì bá dé, iṣẹ́ lè di méjì.

Ọdún 2005 fi hàn bí ẹni tó bá da ìlérí yìí ṣe ń jìyà. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún náà, Google gbé ètò kan jáde tó ń jẹ́ Web Accelerator. Ó ń tẹ àwọn líǹkì inú ojú-ewé ṣáájú kí ẹni tó ń kà á tó tẹ̀ wọ́n, kí ojú-ewé tó kàn lè yára ṣí. Líǹkì lásán jẹ́ GET, GET kò sì yẹ kó yí ohunkóhun padà, nítorí náà ètò náà kò rú òfin. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kọ ìkànnì tó jẹ́ pé líǹkì lásán ni wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́. Ètò náà tẹ líǹkì wọ̀nyẹn pẹ̀lú, iṣẹ́ àwọn ènìyàn sì pa rẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ POST ni ó kan wa jù ní Nàìjíríà. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já lẹ́yìn tí ènìyàn ti tẹ bọ́tìnì ìsanwó, kò sí bí fóònù ṣe lè mọ̀ bóyá ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ sáfà kí ọ̀nà tó já, tàbí kò dé rárá. Bó bá jẹ́ GET ni, yóò tún un béèrè láìsí ewu. Bó bá jẹ́ POST ni, àtúnbéèrè lè yọ owó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí bùráúsà fi máa ń bi ènìyàn bóyá ó dá a lójú pé kí òun tún fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ojútùú tí àwọn onímọ̀ rí ni pé kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kí owó tó kúrò lápò. Nọ́ńbà RRR ti ètò ìsanwó Remita, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ mọ̀ dáadáa, jẹ́ ọ̀kan nínú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Bí ìbéèrè méjì bá dé pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, sáfà tí wọ́n kọ dáadáa yóò mọ̀ pé ìsanwó kan ṣoṣo ni.

Nígbà tí èrò bá pọ̀

Nígbà tí McCool fi NCSA sílẹ̀ ní 1994, àwọn tó ń lo sáfà rẹ̀ kó àtúnṣe ọwọ́ wọn jọ. Brian Behlendorf wà lára àwọn aṣáájú wọn. Láti inú àtúnṣe wọ̀nyí ni wọ́n ti gbé sáfà Apache jáde ní Oṣù Kẹrin ọdún 1995, nígbà tó sì di ọdún kejì, òun ló gbajúmọ̀ jù láyé. Bí Apache ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ni pé ó ń yan òṣìṣẹ́ kan, ìyẹn ètò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà, fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ náà kò ní kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà rẹ̀ títí tí yóò fi parí, bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì oníbàárà náà bá tilẹ̀ ń falẹ̀.

Ní ọdún 1999, Dan Kegel pe àwọn onímọ̀ níjà pé ó yẹ kí kọ̀ǹpútà kan lè gba oníbàárà 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Igor Sysoev, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, dáhùn pẹ̀lú nginx, tó gbé jáde ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2004. Nínú nginx, òṣìṣẹ́ díẹ̀ ló ń bójú tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà. Bí oníbàárà kan bá ń falẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò yí sí èyí tó ti múra tán. Ní ibi tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò dúró ṣinṣin, ọ̀nà yìí ń dín ìnira sáfà kù.

Wẹ́ẹ̀bù ní Nàìjíríà àti ní Ẹ̀gbá

Ní Oṣù Kẹta ọdún 1995 ni wọ́n forúkọ .ng sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Arábìnrin Ibukun Odusote, tó wà ní Yaba College of Technology nígbà náà, ló kọ́kọ́ ń bójú tó o. Wọ́n dá NIRA, àjọ tó ń rí sí orúkọ náà, sílẹ̀ ní ọdún 2005. Fóònù GSM dé ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2001, okùn SAT-3 gúnlẹ̀ sí Èkó láàárín àsìkò kan náà, okùn MainOne tó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Pọtogí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010.

Ní ọdún 2006 ni wọ́n dá IXPN sílẹ̀ ní Èkó, ibùdó tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé. Kí ó tó dé, ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà sí òmíràn nínú Nàìjíríà kan náà lè kọ́kọ́ gba òkè òkun kọjá. Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ nínú òkun nítòsí Abidjan. Ìbéèrè tí sáfà rẹ̀ wà lókè òkun ni ewu náà kàn jù, nítorí pé èyí tí sáfà rẹ̀ wà ní Èkó kò nílò okùn wọ̀nyẹn láti dé Abẹ́òkúta.

Ètò ìdánwò JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, náà jẹ́ apá pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ọdún 2013 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ní 2015 ó sì fi ìwé sílẹ̀ pátápátá. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an ni sáfà tó ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tó sì ń gba ìdáhùn rẹ̀ wà, kí ìdánwò má baà dúró bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tó jẹ́ olórí JAMB nígbà náà, bọ́ síta gbangba láti tọrọ àforíjì. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí ètò tó ń yẹ ìdáhùn wò, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò dé orí àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ọmọ 379,997 ní gbọ̀ngàn 157 ni àjọ náà sọ pé ó kàn, wọ́n sì ṣètò kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti tẹ ìdáhùn wọn bó ṣe yẹ. Ọ̀dọ̀ sáfà ni ìṣòro wà, bẹ́ẹ̀ kò sì sí nọ́ńbà kankan tó fi í hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà.

Ìparí

Òfin náà kò dúró. HTTP/2 jáde ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ó jẹ́ kí ìbéèrè púpọ̀ jọ rìn lórí ọ̀nà kan náà. HTTP/3 tẹ̀ lé e ní Oṣù Kẹfà ọdún 2022, ó sì dín ìpalára tí dátà tó sọnù lójú ọ̀nà ń ṣe kù. Ìtumọ̀ GET àti POST kò yí padà nínú méjèèjì.

Ọ̀fẹ́ ni Apache, ọ̀fẹ́ ni nginx, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sì tó láti fi wọ́n kọ́ṣẹ́. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní Alábàtà àti ní Òjéèrè, ní Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu, máa kọ sáfà, kí wọ́n má kàn máa fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí sáfà ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ọ́, ojúṣe kan ni ìtàn yìí gbé lé e lọ́wọ́: kí ohun tí ènìyàn kò pa láṣẹ má yí padà láé, kí ohun tó pa láṣẹ sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.